Òkèlè Tó Ń Kéré Sí I

Ẹran ló kọ́kọ́ dìtẹ̀.
Ó ní eyín òun ti darúgbó. A rẹ́rìn-ín, a gé ẹran wẹ́wẹ́.
Nígbà tí iṣu tuntun dé, iyán bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láyà rẹ̀
bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà,
tí kò wọlé, tí kò padà.
Ó ń fi omi tì í. Ife kan, òkèlè kan.
Òkèlè náà sì ń kéré sí i:
bí ẹyin adìyẹ, bí ẹyin ẹyẹlé, bí èkùrọ́.
Aládùúgbò ní egungun ẹja ni, kó gbé èbà mì láìrún.
Ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbẹ́ inú ni, ó ra oògùn funfun olómi wá.
Oṣù mẹ́rin la fi ń méfò kiri,
bẹ́líìtì rẹ̀ ń wá ihò tuntun.

Atolẹ́tà ni Àkànó, bàbá mi,
nílé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Àdó.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi to òjé sí férémù,
lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lódì, tó sì ń kà á geere bí ẹni mu omi.
Sìgá wà létí rẹ̀ bí pẹ́ńsù létí káfíńtà.
Lálẹ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ògógóró a máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́.
Láàárọ̀, ògì tó ń hó ni.
“Èyí tí kò jóni, kì í ṣe ògì.”
Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, àwa náà a sì máa fi í yangàn.

Ní Oríta Mẹ́fà, wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ olójú
gba ẹnu rẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n já ẹran bín-ín-tín wá.
Ọjọ́ mẹ́tàlá la fi retí èsì.
Dókítà Ìbírónkẹ́ ṣí fáìlì,
ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yóò gbà wọlé.
Ṣùgbọ́n òdìkejì tábìlì ni bàbá mi jókòó sí,
ìwé dorí kodò níwájú rẹ̀
bí òjé ti ń dorí kodò níwájú rẹ̀ láti ìgbà èwe.
Ó kà á.
“Jẹjẹrẹ,” ó ní, kí obìnrin náà tó la ẹnu,
“jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà, ẹ gbàgbé lẹ́tà kan níbẹ̀ yẹn.”
Obìnrin náà wò ó títí.
Ó mú bírò, ó fi lẹ́tà náà sí i.

Mo bèèrè: sìgá ni, àbí ọtí, àbí ògì?
Ó ní òun ò lè na ìka sí ọ̀kan ṣoṣo.
Sìgá wà níbẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀.
Bí àwọn méjèèjì bá sì dọ̀rẹ́, ewu wọn kì í ṣe kékeré.
Ohun gbígbóná tó ń bó ọ̀fun lójoojúmọ́ náà ní tirẹ̀,
àti omi kíkan tó ń ti ikùn gòkè wá lóru.
“Ẹlòmíì ò fẹnu kan ìkankan rí,
ó sì jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ẹ má sọ ọ́ di ẹjọ́.”
Mo ti ń dá ẹjọ́ náà lọ́kàn mi.
Oṣù mẹ́rin.

Wọ́n fi ọ̀pá kékeré aláwọ̀n sí ibi tó fún.
Oògùn ń kán sí iṣan rẹ̀, ìtànṣán tẹ̀lé e.
Èmi náà kọ́ṣẹ́: ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣíbí mẹ́fà,
ẹyin tí a pò mọ́ ọn, ẹ̀pà lílọ̀.
Kó jókòó ṣánṣán lẹ́yìn oúnjẹ. Ìrọ̀rí mẹ́ta lálẹ́.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé a lè to oúnjẹ
bí ẹni to lẹ́tà.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: oníwọra ni wọ́n fi ń bá wí.
Bàbá mi ò wọra.

“Ìkarùn-ún,” ó ní lánàá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á,
ojú rẹ̀ wà lórí àwọn páànù Òkè Pàdí tó ti dípẹtà.
Ó sinmi. Mo gbé ṣíbí dúró.
Lẹ́yìn ilé, Oyèkànmí, àbúrò mi, ṣá ìṣáná.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì.
Bàbá mi gbọ́ ọ.
Ó la ẹnu fún ìkẹfà.